ÀRÒKỌ AJẸMỌ́-ÌSÍPAYÁ: BÍ ÈÉMÍ OLÓGBÒ ILÉ BÁ DÉDÉ HÁ

Kí ni àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá?

Àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá ni àròkọ tí a fi ń tú ìdí ọ̀rọ̀ kan, tàbí tí a fi ń la ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò jọ àròkọ asọ̀tàn, nítorí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni a ń rò. Kò sì jọ àròkọ alárìíyànjiyàn, nítorí a kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìmọ̀ ni ó ń béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ tí a bi í, kí ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ó mú òmíràn.

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń ba irú àròkọ yìí jẹ́. Èkíní ni kí á máa kọ ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò bí ẹni pé òótọ́ pọ́nńbélé ni. Èkejì ni kí á to ìgbésẹ̀ sódì, kí ohun tí ó yẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ wá bọ́ sí ìparí. Ẹ̀kẹta ni kí á fi òwe àti àkànlò èdè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí tí òǹkàwé kò fi ní mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé títo ìgbésẹ̀ sódì kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ológbò ilé wa ní Òjé bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Gbogbo ilé dìde, oníkálukú sì ní ohun tí ó mọ̀. A di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a la ẹnu rẹ̀, a da epo pupa sí i. Ó wúkọ́, ó jà pìtìpìtì, kò sì pẹ́ tí ó fi dákẹ́. Nígbà tí mo ròyìn fún dókítà ẹranko kan, ó ní bí ó bá ṣe pé a gbé e wá láìfún un ní nǹkan kan ni, ó ṣeé ṣe kí ó yè. Gbígbé e lọ sí ilé ìwòsàn wà lára ohun tí a fẹ́ ṣe o; ìkẹyìn ni a fi í sí. Ìdí nìyí tí mo fi yan orí-ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí.

Ìbéèrè

Kọ àròkọ lórí: *Ohun tí ó yẹ kí á ṣe bí èémí ológbò ilé bá dédé há.*

Ìlapa èrò

(a) Ìfáárà: ìwúlò ológbò nínú ilé
(b) Àmì tí a ó fi mọ̀ pé èémí há a
(d) Àwọn ohun tí ó lè fà á
(e) Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe
(ẹ) Ohun tí ó yẹ kí á ṣe, ní ẹsẹẹsẹ
(f) Bí a ṣe lè dènà rẹ̀
(g) Àsọkágbá

Àpẹẹrẹ àròkọ

*Ohun tí ó yẹ kí á ṣe bí èémí ológbò ilé bá dédé há*

Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Àwọn tí ń gbé ní àdúgbò Òjé ní Ìbàdàn mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Ọjà aṣọ òkè ń bẹ ní Òjé, ọ̀pọ̀ ilé ni a sì to aṣọ àti òwú sí. Òru kan ṣoṣo tó fún eku láti sọ aṣọ olówó ńlá di àkísà. Nítorí èyí ni àwọn oníṣòwò kan ṣe ń sin ológbò. Ṣùgbọ́n ẹran tí ń ṣọ́ ilé fún wa yìí náà ń ṣàìsàn, ara ohun tí ó sì lè yára pa á ni kí èémí há a.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí á mọ àmì rẹ̀. Ajá a máa la ẹnu, a sì máa yọ ahọ́n síta nígbà tí ooru bá mú un. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ti ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Imú ni ó fi ń mí. Ológbò tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sáré, tí kò jà, ṣùgbọ́n tí ó la ẹnu sílẹ̀ tí ó ń mí, wà nínú ewu. Nígbà mìíràn yóò na ọrùn síwájú, yóò ya ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára, kò ní fẹ́ dùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ yóò sì máa lọ sókè sódò bí ó ti ń fi agbára mí. Kí á wo èrìgì rẹ̀ bí ó bá gbà. Èrìgì tí ó ti di funfun, tàbí tí ó dà bí eérú tàbí bí aró, fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. A tún lè ka èémí rẹ̀: kí àyà gbé sókè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ológbò tí ń sinmi a máa mí ní ìgbà 16 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ju 40 lọ nígbà tí ó ń sinmi, kí á má ṣe dúró di ọ̀la.

Àwọn ohun tí ó lè fà á pọ̀. Ikọ́ fée ń ṣe ológbò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ènìyàn. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró a máa fún pọ̀. Èéfín igi, èéfín sìgá, eruku ọyẹ́ àti èéfín oògùn ẹ̀fọn tí à ń fi iná sí lè ru ú sókè. Àìsàn ọkàn lè mú kí omi kún inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ó yí i ká. Egungun ẹja lè há a lọ́fun. Ó lè já bọ́ láti orí òrùlé, tàbí kí ọkọ̀ kọlù ú, kí àyà rẹ̀ sì ṣèṣe nínú láìsí ẹ̀jẹ̀ lóde.

Èyí tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún gidigidi ni oògùn tí a ń kó sínú ilé. Èròjà tí à ń pè ní DDVP ń bẹ nínú irú oògùn kòkòrò tí àwọn ènìyàn ń pè ní òtápíàpíà. Bí ológbò bá lá a, tàbí tí ó fà á símú púpọ̀, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, omi yóò sì kún ọ̀nà èémí rẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kéékèèké irú oògùn yìí ní ọjà gbangba. Parasitamọ́ọ̀lù tí ènìyàn ń lò sí ẹ̀fọ́rí náà jẹ́ májèlé fún ológbò. Ẹyọ kan péré lè pa á, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara jẹ́.

Kí á tó sọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe, ó yẹ kí á sọ èyí tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe. A kò gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sí ẹnu ológbò tí èémí há, ìbáà ṣe epo pupa, mílíìkì, àgbo, omi tàbí oògùn. Ibi kan náà ni ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti pàdé, ẹran tí ó sì ń wá èémí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ohun tí a dà sí i lẹ́nu lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì sé èyí tí ó kù nínú èémí rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ dì í mú lọ́rùn tàbí kí á fún àyà rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ ki ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ láti wá egungun tí a kò rí, nítorí a lè tì í wọlé sí i, ó sì lè gé wa jẹ. A kò sì gbọ́dọ̀ jókòó máa wádìí ẹni tí ó fi àjẹ́ bá a jà, nígbà tí àkókò ń lọ.

Èyí tí ó yẹ kí á ṣe rèé ní ẹsẹẹsẹ. Èkíní, kí á gbé ológbò náà kúrò níbi èéfín tàbí òórùn oògùn, kí á sì kó àwọn ọmọdé àti ajá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ariwo àti ìbẹ̀rù a máa mú kí èémí túbọ̀ há a. Èkejì, kí ẹnì kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ mọ́ ológbò náà lára rọra gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, tàbí sínú páálí tí a dá ihò sí, kí á sì jẹ́ kí ó wà bí ó bá ṣe fẹ́ wà. Bí oògùn bá ta sí i nírun, kí á fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí á fi aṣọ tí a fi omi ọṣẹ rin nù ún kúrò kí ó má baà lá a. Ẹ̀kẹta, kí á mú ìgò tàbí páálí oògùn tí a bá fura sí dání, kí á sì rántí ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Òjé lè gbé e lọ sí ti ìjọba ní Mọ́kọ́lá, tàbí sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ẹnì kan fi fóònù pè wọ́n ṣáájú bí ó bá ṣeé ṣe. Dókítà ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí á fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, tàbí kí á fa omi kúrò láyà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òtápíàpíà, abẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ atropine ni wọ́n fi ń dojú kọ oró rẹ̀. Kì í ṣe epo. Ẹ̀karùn-ún, bí ológbò náà bá gé ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tí ó ha á léèékánná, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn ní ọjọ́ náà, nítorí àrùn dìgbòlugi.

Ìdènà kò nira púpọ̀. Kí á ti àpótí oògùn pa. Bí a bá fín oògùn sí yàrá, kí ológbò má wọ ibẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́ òórùn rẹ̀ lọ. Kí á má ju egungun ẹja sílẹ̀ fún un. Kí á mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹni tí ó bá sì ń ka èémí ológbò rẹ̀ nígbà tí ó ń sùn yóò tètè mọ ọjọ́ tí ó bá yí padà.

Ológbò kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé àyà ń dun òun. Ojú àwa tí a ń sìn ín ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí a bá tètè mọ àmì, tí a kò dà á ní epo, tí a sì gbé e lọ láìpẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ó gba ẹ̀mí ẹran tí ń gba aṣọ wa lọ́wọ́ eku.

Àlàyé lórí àròkọ yìí

1. Wò ó bí a ti fi ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú ohun tí ó yẹ kí á ṣe. Ẹni tí ológbò rẹ̀ ń kú lọ lè má ka àròkọ dé ìparí. Ohun tí ó lè pa ni kí ó kọ́kọ́ bá pàdé. Nígbà gbogbo tí o bá ń ṣàlàyé ohun tí ó léwu, bí iná mànàmáná tàbí kẹrosíìnì, ṣe bákan náà.

2. A kò kọ ọ́ pé "ó ń mí púpọ̀". Iye ni a sọ: 16 sí 30, àti 40. Iye tí ó dájú sàn ju "púpọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n bí iye kò bá dá ọ lójú, má ṣe fi irọ́ dípò rẹ̀.

3. Òwe kan ṣoṣo ni a pa, inú ìfáárà ni ó sì wà. Bí a bá tún pa òwe mẹ́ta sí àárín ìgbésẹ̀, òǹkàwé yóò ṣìnà.

4. "Kí á" ni a lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí á", tí ó bọ́ sí "o gbọ́dọ̀", tí ó tún wá sọ pé "mo gbé e", ti sọ àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá di àmúlùmálà.

5. Ìtàn ológbò ilé wa kò sí nínú àpẹẹrẹ náà. Bí mo bá fi í sí i ní kíkún, àròkọ asọ̀tàn ni ìbá dà.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí o mọ ìyàtọ̀ wọn

*Mí gúlegúle*: kí á máa mí léraléra, bí ẹni tí ó sáré.
*Mí lókèlókè*: kí èémí máa jáde pẹ̀lú ìnira, bí ti ẹni tí ó ń kú lọ.
*Mí kanlẹ̀*: kí á mí èémí gígùn kan nítorí ìbànújẹ́ tàbí ìtura ọkàn. Má ṣe lò ó fún àìsàn.
*Èémí há*: kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé tàbí jáde dáadáa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ó wà nínú àpẹẹrẹ òkè yìí. Kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan, láìwo ìwé.
2. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ da epo sí ẹnu ológbò tí ń mí gúlegúle. Kọ ohun tí ìwọ yóò sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní ìpínrọ̀ kan.
3. Ṣe ìlapa èrò fún: *Bí a ṣe ń tọ́jú oògùn kòkòrò nínú ilé tí ọmọdé wà.*
4. Kọ àròkọ lórí: *Ohun tí ó yẹ kí á ṣe bí ajá bá gé ènìyàn jẹ.* Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó ṣáájú.