Ìràwọ̀ Mélòó Ni Àpò Wa Lè Gbà? Ẹ̀kọ́ Lórí Owó Oṣù Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù

 

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá délẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, kò sí ẹni tí kì í mọ ohun tí yóò sọ. A mọ ẹni tó gbá góòlù wọlé, a mọ ẹni tí rẹfirí ṣe ojúsàájú fún. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè pé, "Ta ló ń san owó oṣù àwọn ọmọ yìí, níbo ló sì ti ń rí i?" gbogbo wa á dákẹ́. Ìbéèrè yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa. Láàárín wa ni akápò, akọ̀wé àti alákòóso ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀la yóò ti jáde, ó sì yẹ kí á mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbé ìwé owó lé wa lọ́wọ́.

OHUN TÍ OJÚ KÀDÚNÁ TI RÍ

Ìlú tí a ti ń kàwé yìí kì í ṣe àjèjì sí bọ́ọ̀lù. Ràṣídì Yẹkínì, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kàdúná ní 1963, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ló ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní nǹkan bí 1981, kí ó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Òun náà ló gba góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà ní ìdíje ife àgbáyé, nígbà tí a pàdé Bulgaria ní 1994. Ranchers Bees ti Kàdúná dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife ní Áfíríkà ní 1988, kí CA Bizertin ti Tùnísíà tó borí wọn. Kaduna United sì gba ife àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ní 2010.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jẹun. Láyé ijọ́un, agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Bí aṣọ bá tà, owó wọlé. Bí aṣọ kò bá tà mọ́ ńkọ́? Ní 2007, UNTL fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ tí ìjọba ní náà, àpò ìjọba ló ń wò. Bọ́ọ̀lù olówó oṣù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1990, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ṣì jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Bí owó bá pẹ́ kí ó tó jáde ní sẹ̀kìtéríàtì, ebi á dé ilé agbábọ́ọ̀lù.

A sábà máa ń gbọ́ igbe wọn nígbà tí ìdíje bá ti wọra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà náà ni gbèsè bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù sinmi, tí pápá dákẹ́, tí a ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ni a ti jẹ gbèsè náà. Ìlérí ni gbèsè. Kókó ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín.

KÍ NI GBÈDÉKE OWÓ OṢÙ?

Gbèdéke owó oṣù ni ààlà tí owó agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kọjá. Oríṣi méjì ni ayé ti lò.

Èkíní ni gbèdéke orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1901, nígbà tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà ju pọ́n-ùn 4 lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tí Tẹ̀sílímù Balógun tí a mọ̀ sí "Thunder" lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní 1956, abẹ́ òfin yìí ló gbá a. Nígbà tó fi di 1958, ó ti di pọ́n-ùn 20 lọ́sẹ̀ nígbà ìdíje, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn 17 nígbà ìsinmi. Ẹ ò rí i pé ìgbà ìsinmi ti ní ìṣirò tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Àwọn agbábọ́ọ̀lù fárí gá, wọ́n fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pa òfin náà rẹ́ ní January 1961. Wọ́n jàre: pápá ń kún, owó ń wọlé, ẹni tó ń làágùn kò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Èkejì ni gbèdéke orí ẹgbẹ́ lápapọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló mọ eléyìí dunjú, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. Líìgì wọn, NFL, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1994. Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ná ju dọ́là mílíọ̀nù 34.6 lọ lórí agbábọ́ọ̀lù. Ní 2025, ó ti di mílíọ̀nù 279.2. Kí ló dé tó fi ń ga? Nítorí pé inú owó tó ń wọlé fún líìgì ni wọ́n ti ń yọ ọ́: nǹkan bí ìdá 48 nínú 100 jẹ́ ti àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ló sì jókòó dúnàádúrà rẹ̀. Òfin tún wà pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ háwọ́ kọjá ìwọ̀n kan. Òrùlé wà, ilẹ̀ náà sì wà.

ỌGBỌ́N ÌGBÀ ÌSINMI

Ní Amẹ́ríkà, àárín oṣù March ni ọdún tuntun líìgì ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà sì ni alákòóso kì í sùn. Ẹ wo mẹ́rin nínú ọgbọ́n wọn.

1. Kíka àwọn tó wọ́n jù. Nígbà ìsinmi, ẹgbẹ́ lè kó ènìyàn 90 jọ láti dán wọn wò, ṣùgbọ́n owó àwọn 51 tó wọ́n jù ni a ń kà mọ́ gbèdéke. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dín wọn kù sí 53.

2. Pípín owó ìfọwọ́síwèé. Owó tí a san lójú ẹsẹ̀ kí ènìyàn lè fọwọ́ sí àdéhùn, a lè pín in sórí ọdún àdéhùn náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ.

3. Owó òkú. Bí a bá lé ẹni náà lọ kí àdéhùn tó parí, ìyókù owó ìfọwọ́síwèé tí a pín yóò padà wá jókòó sínú ìwé wa. Ẹni náà ti lọ, owó rẹ̀ ò lọ.

4. Gbígbé ìyókù lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò ná gbogbo àyè rẹ̀ tán lè fi ìyókù kún ti ọdún kejì.

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn yìí. Adéwálé Ògúnléyè, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, wọ ẹgbẹ́ Miami ní 2000 láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ kankan yàn án nígbà tí wọ́n ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ní 2003, ó wó àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ alátakò ní ìgbà 15. Nígbà ìsinmi 2004, ó ní kí wọ́n fi owó tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ kò wọ̀, ó kọ̀ láti lọ sí ibùdó ìgbáradì. Ní August 2004, Miami fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Chicago, Chicago sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́fà. Ẹ kíyè sí i: agbábọ́ọ̀lù kan náà ni, ẹgbẹ́ méjì ni. Èkíní wo àpò tirẹ̀, kò gbà. Èkejì ṣírò tirẹ̀, ó rí àyè. Kò sí ẹni tó ṣe ìlérí tí kò lè san.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ẹgbẹ́ kan ní Kàdúná níbí tó ní agbábọ́ọ̀lù 25. Owó tó wọ ọwọ́ wọn lọ́dún tó kọjá jẹ́ náírà mílíọ̀nù 200. Ọlọ́jà kan tún ṣe ìlérí mílíọ̀nù 100, kò tíì san án. Èló ni kí á fi ṣe ìṣirò? Mílíọ̀nù 200 ni o. Ẹja tó ṣì wà nínú Odò Kàdúná kò tíì di ọbẹ̀.

Ká ní a yọ ìdá 60 nínú 100 fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Gbèdéke wa di mílíọ̀nù 120. Ìyókù jẹ́ ti kóòṣì, mọ́tò, òtẹ́ẹ̀lì àti oògùn. Nínú 120 náà, a fi mílíọ̀nù 12 pamọ́ nítorí ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Ó ku 108.

Ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan dé. Ó fẹ́ mílíọ̀nù 1 lóṣù àti mílíọ̀nù 6 owó ìfọwọ́síwèé, fún ọdún 3. Oṣù 12 ni a ó kà o, kì í ṣe oṣù ìdíje nìkan, nítorí ikùn kì í lọ ìsinmi. Owó oṣù rẹ̀ lọ́dún jẹ́ mílíọ̀nù 12. Mílíọ̀nù 6 tí a pín sí ọdún 3 jẹ́ 2 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ 14.

Irú rẹ̀ mélòó ni a lè gbà? Ẹ wo ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù:

Ìràwọ̀ 1: àwọn 24 yòókù yóò gba nǹkan bí náírà 326,000 lóṣù.
Ìràwọ̀ 2: àwọn 23 yóò gba nǹkan bí 290,000.
Ìràwọ̀ 3: àwọn 22 yóò gba 250,000.
Ìràwọ̀ 5: àwọn 20 yóò gba nǹkan bí 158,000.
Ìràwọ̀ 6: àwọn 19 yóò gba nǹkan bí 105,000.

Nígbà tí LMC ń darí líìgì wa, náírà 150,000 ni wọ́n fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ. Bí a bá fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n, ìràwọ̀ karùn-ún ṣì bá òfin mu, ìkẹfà ló fọ́ ọ.

Ẹni tó bá yára á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á ra márùn-ún." Ẹ dúró ná. Ìwé yàtọ̀ sí àpò. Nínú ìwé, a pín mílíọ̀nù 6 sí ọdún 3. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ fẹ́ mílíọ̀nù 6 rẹ̀ lónìí, kó tó gbé bíírò. Nítorí náà, lórí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, owó tó jáde lọ́dún àkọ́kọ́ fi mílíọ̀nù 4 ju ohun tí ìwé wí lọ. Ìràwọ̀ márùn-ún, mílíọ̀nù 20 nìyẹn. Mílíọ̀nù 12 péré ni a sì fi pamọ́! Gbèsè mílíọ̀nù 8 ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó ta bọ́ọ̀lù, nígbà tí kò sí owó géètì rárá. Ìràwọ̀ 3 yóò gbé gbogbo owó ìpamọ́ lọ láìku kọ́bọ̀. Ìràwọ̀ 2 yóò ṣẹ́ mílíọ̀nù 4 kù, tí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá dá, a ó rí owó ilé ìwòsàn san. Méjì ni èmi yóò fọwọ́ sí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

ǸJẸ́ GBÈDÉKE KÒ NÍ RẸ́ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ JẸ?

Àwọn kan yóò sọ pé ọgbọ́n olówó ni gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ rírùn. Ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí agbábọ́ọ̀lù kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń fa ààlà. Ó sì ń dun ènìyàn nígbà mìíràn. Ní August 2021, Barcelona kò lè kọ orúkọ Messi sílẹ̀ mọ́ nítorí ààlà líìgì Spéìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà láti dín owó rẹ̀ kù. Ó fi ẹkún kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ̀bi? Kì í ṣe ààlà náà. Àdéhùn ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti kó jọ sẹ́yìn ló wá béèrè owó rẹ̀.

Èwo ló sàn fún ọmọ tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo wá gbá bọ́ọ̀lù ní Àríwá: 500,000 lórí ìwé tí kò wọlé fún oṣù mẹ́fà, àbí 290,000 tó ń wọlé lóṣooṣù? Òfin FIFA náà ti wà láti 2018 pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé fún wọn ní ọjọ́ 15. Bí wọn kò bá san án, ó lè já àdéhùn náà, kó máa lọ. Ẹgbẹ́ tó rò pé òun rẹ́ ọmọ jẹ yóò pàdánù ọmọ, yóò sì tún san owó.

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá nìkan ló ni ẹ̀kọ́ yìí. Bí wọ́n bá fi yín ṣe akápò, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka owó tó wà lọ́wọ́ kí ẹ tó ka èyí tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ sì rántí pé orúkọ tí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ ìwé, oúnjẹ ẹlòmíràn ló wà lókè rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNWÒ ARA ẸNI

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín gbèdéke orí ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ti orí ẹgbẹ́?
2. Bí ìràwọ̀ wa bá lọ lẹ́yìn ọdún kan, èló ni owó òkú tí yóò kù nínú ìwé?
3. Bí a bá gba ìràwọ̀ 4, èló ni àwọn 21 yòókù yóò gbà lóṣù, èló ni owó ìpamọ́ yóò sì fi dín?

Ìdáhùn: Fún ìkejì, mílíọ̀nù 4. Fún ìkẹta, nǹkan bí náírà 206,000, owó ìpamọ́ yóò sì fi mílíọ̀nù 4 dín. Ìkíní, ẹ padà sókè lọ kà á.