Àáró Láti Fi Tábà Sílẹ̀ ní Àsìkò Ọdún

Ẹ̀kọ́ ìlera fún oṣù Kejìlá

Nígbà tí oṣù Kejìlá bá wọlé, ọyẹ́ a máa fẹ́ ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Koríko ọ̀dàn a gbẹ, iṣu a ti wọ abà, àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ìdálẹ̀ gbogbo a sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé fún ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Ayọ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n àníyàn ń bẹ pẹ̀lú: owó aṣọ, owó ẹran, àlejò tí ń bọ̀, gbèsè tí kò tí ì tán, àti ojú ẹbí tí yóò máa wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì tẹ nǹkan. Bákan náà ni ó rí fún àwọn Mùsùlùmí nígbà tí Iléyá bá dé. Ní irú àsìkò yìí ni ẹni tí ó ń mu tábà a máa mu ún lámujù, tí ẹni tí ó ti fi í sílẹ̀ a sì máa wo ẹ̀yìn. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti nítorí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Bí tábà ti ṣe dé ilẹ̀ yìí

Tábà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn àbáláyé Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn oníṣòwò Pọtogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e dé etíkun wa. Ní ọ̀rúndún 18, tábà Bahia tí ó ti Brazil wá wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó fi ń ra ẹrú ní Ouidah. Ní 1933 a dá ilé-iṣẹ́ sìgá kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní 1937 ti Ìbàdàn sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, pàápàá ní agbègbè Ìsẹ́yìn, gbin ewé tábà fún títà, owó rẹ̀ sì ni àwọn ìdílé kan fi bọ́ ọmọ. Nítorí náà kò yẹ kí a fi ẹni tí tábà ti di ẹrù lé lórí ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ó ti wọ ilé àti oko pẹ́ tó báyìí kì í fi ìrọ̀rùn jáde.

Kí àgbẹ̀ tí ó ń já ewé náà pẹ̀lú kíyè sára. Nígbà tí ìrì bá wà lára ewé, oró rẹ̀ a máa gba awọ ara wọlé. Orí a máa yí àgbẹ̀, èébì a sì máa gbé e, bí kò tilẹ̀ mu tábà rí. Kí ó dúró títí ìrì yóò fi gbẹ, kí ó wọ aṣọ alápá gígùn àti ìbọ̀wọ́, kí ó sì fi ọṣẹ wẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

2. Ìbàlẹ̀ ọkàn tí kì í ṣe òtítọ́

Ẹni tí ó ń mu sìgá a máa wí pé, “Òun ni ó ń mú ọkàn mi balẹ̀.” Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀. Oró kan wà nínú ewé tábà tí a ń pè ní nikotíìnì. Bí ènìyàn bá fa èéfín sínú, kì í pé ìṣẹ́jú kan kí oró náà tó dé ọpọlọ, ara a sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí wákàtí 2, ìdajì rẹ̀ a ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà ni ara a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ọkàn a máa já, inú a máa bí ènìyàn láìnídìí, oorun a sì máa fò. Ó tún mu òmíràn, ara tún rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tábà ṣe dà bí olè tí ó jí ewúrẹ́ gbé ní òru, tí ó sì fà á wá ní òwúrọ̀ láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olówó ewúrẹ́.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìwádìí 26 jọ láti wo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó fi sìgá sílẹ̀ ní àníyàn àti ìbànújẹ́ ọkàn tí ó dín kù ju ti àwọn tí kò fi í sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé, “Ẹ jẹ́ kí ìdààmú ọdún kọjá ná kí n tó fi í sílẹ̀,” ń dúró de ojú ọjọ́ tí tábà fúnra rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí ó dé.

3. Bí ara ti ń padà bọ̀ sípò

Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé tábà ń pa ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dọọdún. Ó ń mú àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti àrùn ọkàn wá, ó sì ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ikọ́ fée. Ṣùgbọ́n ara kì í fi àkókò ṣòfò láti wo ara rẹ̀ sàn. Láàárín ìṣẹ́jú 20 tí a bá mu sìgá ìkẹyìn, lílù ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ní wákàtí 12, afẹ́fẹ́ olóró tí èéfín gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ a ti lọ. Láàárín oṣù 1 sí 9, ikọ́ àti mímí gúlegúle a dín kù. Ní ọdún 1, ewu àrùn ọkàn a dín ní nǹkan bí ìdajì.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìnira ara a máa kọjá. Ìfẹ́ tí ó ń dé lójijì kì í pẹ́: ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, yóò sì lọ, ìbáà ṣe pé a mu sìgá tàbí a kò mu ún. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti rí ìdajì ìṣẹ́gun gbà.

4. Ọ̀nà àáró

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ àáró. Lónìí ẹgbẹ́ a kọ ebè fún ọ̀kan, lọ́la a kọ ti èkejì, oko tí ọkùnrin kan ì bá fi oṣù kan ro a sì tán ní ọjọ́ díẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan àti oníṣègùn kan tí ọtí ti bàjẹ́ rí i pé nígbà tí ọ̀mùtí bá jókòó ti ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì sọ òtítọ́ fún ara wọn, agbára a wọ inú àwọn méjèèjì. Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti jáde, àwọn tí ó ń mu sìgá pẹ̀lú sì ti tọ ọ̀nà náà lẹ́yìn. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tí ó fi sìgá sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ń yege ju àwọn tí a fi ìwé nìkan lé lọ́wọ́ lọ. (Ka Ìwé Oníwàásù, orí 4, ẹsẹ 9 sí 12.)

Báyìí ni kí a ṣe é:

(i) Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń mu tábà dá ọjọ́ kan, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 kí ọdún tó dé, kí wọ́n sì jọ fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ náà.

(ii) Kí wọ́n máa rí ara wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ẹni tí ó bá wà ní ọ̀nà jíjìn, kí a pè é lórí tẹlifóònù.

(iii) Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè kan ilẹ̀kùn èkejì ní ọ̀gànjọ́ láìtijú.

(iv) Kí wọ́n má ṣe bú ẹni tí ó bá ṣubú, kí wọ́n má sì ṣe bo ìṣubú mọ́lẹ̀ fún ara wọn.

(v) Kí owó sìgá ojoojúmọ́ bọ́ sínú kóló tàbí sí ọwọ́ alájọ. Ẹni tí ó ń mu ìtì 10 lóòjọ́ ń mu 3,650 lọ́dún, èyí tí í ṣe páálí 182 àti ààbọ̀. Kí ó ṣírò owó rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ahunṣọ méjì ní Ìsẹ́yìn, tí òfì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, àbúrò wá kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́. Ẹ má bínú. Àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́dún, owó ẹran kò pé, sìgá sì ń pè mí.”

“Má bẹ̀bẹ̀, wọlé. Èmi náà kò sùn. Má ṣe wí pé o kò ní mu ún títí ayé. Wí pé o kò ní mu ún títí àwa méjèèjì yóò fi rìn dé ìdí igi òro, tí a ó sì padà.”

Wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu ọ̀nà, ìjì náà ti rọlẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n wí pé, “Ní ti ẹran, sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ fún ìyàwó rẹ lálẹ́ òní. Àníyàn tí a fi pamọ́ fún aya ni sìgá ń jẹ.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí yẹ ní fífi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìdààmú ọdún ni ó ń ti inú ìtìjú wá. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n owó rẹ̀ han ará ilé rẹ̀ ṣáájú, tí ó sì ṣe ọdún bí agbára rẹ̀ ti mọ, yóò sùn dáadáa.

5. Ní ọjọ́ ọdún gan-an

Kí ẹni tí ó ń fi tábà sílẹ̀ jìnnà sí ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti gbogbo ọtí ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, nítorí ọtí a máa ṣí ilẹ̀kùn tí a ti tì. Kí ó dín obì àti kọfí kù pẹ̀lú. Èéfín tábà a máa mú kí ara tètè lo agbára obì tán. Bí èéfín bá dẹ́kun, obì tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ a pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, a mú àyà já, a sì lé oorun lọ, òun a sì rò pé àìmu tábà ni. Kí ó fi orín tàbí ẹ̀pà sí ẹnu dípò, kí ó máa mu omi, kí ó sì máa mí kanlẹ̀. Kí ó má ṣe fi aṣáà rọ́pò sìgá: nikotíìnì kan náà ni ó wà nínú rẹ̀.

Bí àgbà kan nínú ẹbí bá na sìgá sí i pé, “Gbà, ọdún ni,” kò yẹ kí ó jiyàn. Kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó wí pé, “Bàbá, ẹ ṣeun, à ṣèyí ṣẹ̀míì. Mo ti fi í sílẹ̀; àdúrà yín ni mo fẹ́.” Àgbà tí a bá béèrè àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa fi sìgá pamọ́. Kí àwọn tí kò mu tábà pẹ̀lú ṣe tiwọn: kí wọ́n má ṣe rán ọmọdé lọ ra sìgá. Òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2015 ka títà á fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ka títà á ní ìtì kọ̀ọ̀kan léèwọ̀ bákan náà.

6. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀

Ẹni tí ó mu ìtì kan ní ọjọ́ ọdún kò tí ì pàdánù ohun gbogbo. Bí àmù kan bá fọ́, a kì í tìtorí rẹ̀ fọ́ èyí tí ó kù nínú ilé. Kí ó ju páálí náà sọnù, kí ó wá ẹnìkejì rẹ̀ rí ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó bọ́.

Bí ìdààmú ọkàn bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè jẹun tàbí sùn, tàbí tí ó ń rò pé ikú sàn, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara; oògùn wà fún èyí, ó sì wà fún fífi tábà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá tó ọ̀sẹ̀ 2, kí ó má ṣe wí pé ọyẹ́ ni; kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò nítorí ikọ́ fée. Ẹni tí ó ń lo oògùn àrùn ọpọlọ tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kí ó sọ fún oníṣègùn rẹ̀ pé òun ń fi sìgá sílẹ̀, nítorí ó lè di dandan láti yí ìwọ̀n oògùn náà padà.

Ìbéèrè fún ilé àti fún ẹgbẹ́

1. Èéṣe tí sìgá fi dà bí ohun tí ń mú ọkàn balẹ̀?
2. Ọjọ́ mélòó ni ó le jù, ìgbà wo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìnira sì ń kọjá?
3. Èéṣe tí ó fi yẹ láti dín obì kù?
4. Ta ni ó wà ní àdúgbò yìí tí ó ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a ṣe àáró, tí kò tí ì rí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?