Ẹ Yẹ Rìsíìtì Iná Yín Wò, Ẹ̀yin Ará Ọ̀tà

Ẹ̀yin ará Ọ̀tà àti Sàngó, láti Ojú-Ọ̀rẹ́ dé Joju, láti Ìyànà-Ìyesí dé Ìjòkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe máa tẹ nọ́ńbà tókìn sínú mítà tán kí ẹ wá ju rìsíìtì nù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá wọ́n ti yí iye tí ẹ ń san padà láìsọ fún yín.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní London lè yan ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ta iná fún wọn. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn rí i pé ilé-iṣẹ́ tí wọn kò mọ̀ rí ti gba àkáǹtì wọn. Òfin ibẹ̀ sì là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa dá wọn padà. Níbí, ilé-iṣẹ́ apíniná IBEDC ló ni wáyà, a kò yan ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n lè yí lẹ́yìn wa ni Band.

Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín wa sí Band gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná wa lójúmọ́: A, ó kéré tán wákàtí 20, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, gbé owó Band A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún yẹn, ó ti wà ní ₦209.50. Wọn kò fi kún ti àwọn yòókù. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún ẹni tó ń ta ẹja dídì. Ó ra iná ₦5,000. VAT yọ, ó ku bíi ₦4,650. Ní ₦68, á gba yúníìtì 68. Ní ₦209.50, á gba 22 péré. Nítorí náà, bí owó tí ẹ san kò bá yí padà tí yúníìtì yín já wálẹ̀ lójijì, ẹ pín owó tó kù lẹ́yìn VAT sí iye yúníìtì, ẹ ó rí iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gbèsè àtijọ́ ni wọ́n yọ níbẹ̀ o.

Ẹ má rò pé àṣìṣe Band kì í ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 yẹn kan náà, NERC bu owó ìtanràn ₦200 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ apíniná AEDC ní Àbújá torí pé ó gba owó Band A lọ́wọ́ àwọn tí kò sí ní Band A, ó sì ní kó dá owó wọn padà.

Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ni wọ́n ń fi Band sí. Ẹ lọ béèrè orúkọ fídà yín àti Band rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn. Bí wọ́n bá ní Band A ni, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán síbẹ̀. Òfin tí NERC ṣe ní 2024 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ kò bá fún fídà Band A ní wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léra, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó lù. Bó bá di ọjọ́ méje léra, wọ́n gbọ́dọ̀ mú fídà náà wá sílẹ̀ sí Band tó bá iná tó ń rí mu. Ta ni yóò wá jẹ́rìí pé iná kò pé? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ẹ máa kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ. Kí wẹ́dà, ẹlẹ́rọ ìlọta àti ìyá aláṣọ tí wọ́n jọ wà lórí fídà kan náà kọ tiwọn lọ́tọ̀. Bí àkọsílẹ̀ mẹ́ta bá bára mu, apá ẹnikẹ́ni kò ní ká a láti sọ pé irọ́ ni.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń yí kiri pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Òfin iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn, Ògùn sì wà lára àwọn tó ti gba àkóso náà. Nítorí náà, orúkọ tuntun lè hàn lórí rìsíìtì. Ẹni tó bá torí ìyẹn wá béèrè owó ìforúkọsílẹ̀ tuntun, ẹ má fún un. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa tún mítà wa tò kí oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tó parí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí ẹ kò kà.

Bó bá ti dá yín lójú pé wọ́n ti yí Band yín, ẹ má torí ìbínú fa iná láìgba inú mítà. Ẹ̀sùn olè ni ìyẹn máa dà, ó sì lè ba ẹjọ́ yín jẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì IBEDC, kí wọ́n lu ẹ̀dà tiyín ní òǹtẹ̀. Lójú tèmi, lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, pẹ̀lú fọ́tò rìsíìtì oṣù mẹ́ta àti ìwé wákàtí iná ju ariwo ogún ènìyàn níwájú ọ́fíìsì lọ. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso iná, tàbí FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Kí ẹ béèrè ohun méjì nínú lẹ́tà náà: kí wọ́n dá yín padà sí Band tó tọ́ sí yín, kí wọ́n sì dá ìyàtọ̀ owó padà sínú mítà yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gba àgbàjù.