Ọ̀mu Ara Ọ̀pẹ

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ugbowo kọjá yóò ti rí ọ̀pẹ tí irun bò lára. Irun náà kì í ṣe ti ọ̀pẹ. Ewéko mìíràn ni, tí ó ta gbòǹgbò sínú ìdọ̀tí tí ó há sí ìdí imọ̀ tí a ti gé. Ọ̀mu ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a dàgbà sí Benin níhìn-ín, fern ni a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí; ìgbà tí a lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá wa àgbà ni a tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a há bí ọ̀mu ṣe ń bímọ sórí nítorí ìdánwò, a sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó dùn wá pé a ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó fara pamọ́ lára àwọn ewéko yòókù, gbangba ni ó wà lára ọ̀mu.

Ẹ yí ewé rẹ̀ padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ ilẹ̀. Inú wọn ni lẹ́búlẹ́bú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní spore wà. Kì í ṣe irúgbìn, nítorí kò sí ọlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tútù, ọ̀mu kọ́ ni yóò kọ́kọ́ hù níbẹ̀, bí kò ṣe ewé pẹlẹbẹ kan tí ó rí bí ọkàn, tí kò tó èékánná ìka. Ọmọ ọ̀mu ni, ṣùgbọ́n kò fi ibì kankan jọ ìyá rẹ̀. Ó ń dá jẹun, ó ń dá gbé. Lára rẹ̀ ni àtọ̀ àti ẹyin wà. Bí òjò bá rọ̀, àtọ̀ yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin, ọlẹ̀ tí ó bá sọ níbẹ̀ ni yóò wá di ọ̀mu tí a mọ̀.

Ọ̀pẹ tí ó gbé ọ̀mu pọ̀n náà ní irú ìran kejì yìí. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti kéré débi pé inú òdòdó ni ó sá sí, àfi kí a fi ẹ̀rọ awò wá a. Wilhelm Hofmeister, ọmọ Jámánì tí ó ń bá bàbá rẹ̀ tàwé ní Leipzig, tí kò sì lọ sí yunifásítì, ni ó fi hàn ní 1851 pé ìran méjì yìí kan náà ni ó wà lára ọ̀mu àti lára àwọn igi bíi páìnì. Kò ju ẹni ọdún 27 lọ nígbà náà. Ní 1896, Sakugoro Hirase rí àtọ̀ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ginkgo, igi tí ó ní irúgbìn ní Japan. Ìwà àwọn baba ńlá kò tíì kúrò lára rẹ̀!

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ọ̀mu ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni Ceratopteris richardii, ará àbàtà ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà àti Áfíríkà. Spore rẹ̀ ń hù láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé-ọkàn rẹ̀ sì ń gbó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ gbó a máa tú oògùn kan sílẹ̀ tí ń sọ àwọn tí ó pẹ́ dé di akọ. (Ẹ ò rí i pé ó léwu láti pẹ́ dé!) DNA ọ̀pẹ jáde ní 2013, lẹ́tà rẹ̀ tó bílíọ̀nù 1.8. Ti Ceratopteris kò jáde títí di 2022, bílíọ̀nù 7.5 sì ni.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti jíìnì kan tí ó ń jẹ́ LEAFY. Lára ewéko olódòdó, bí ó bá bàjẹ́, òdòdó kò ní yọ bí ó ti yẹ. Ọ̀mu kò ní òdòdó, síbẹ̀ ó ní in. Ní 2018, àwọn onímọ̀ dín agbára jíìnì náà kù lára Ceratopteris, ewéko náà kò sì lè ga mọ́: orí tí ń yọ ewé tuntun dákẹ́. Iṣẹ́ ìdàgbà ni irinṣẹ́ yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí òdòdó tó dé tí ó sì yá a lò. Ẹni tí ó bá wo olódòdó nìkan yóò rò pé nítorí òdòdó ni a ṣe dá a. Ìbátan tí ó sún mọ́ àwọn ewéko oní-irúgbìn jù láyé ni ọ̀mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó mílíọ̀nù 400 ọdún tí wọ́n ti pínyà. Òun ni ó lè jẹ́rìí èyí tí ó jẹ́ àtijọ́ àti èyí tí ó jẹ́ tuntun.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò nínú yàrá yín ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Ẹ ká ewé ọ̀mu tí àmì ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n dúdú, ẹ fi pépà funfun dì í fún ọjọ́ 2. Ẹ da omi híhó sí erùpẹ̀ nínú ìgò funfun, kí ó tutù, kí ẹ wá gbọn lẹ́búlẹ́bú náà sórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu ìgò, ẹ gbé e sí ibi tí ó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò pa á. Yóò pẹ́ díẹ̀, kò ní yá tó Ceratopteris. Ẹ má dà á nù. Bí ewé-ọkàn bá ti yọ, tí ó sì gbó, ẹ kán omi sí i, kí àtọ̀ lè rí ọ̀nà lọ.