Ìmọ́lẹ̀ Tí A Fi Ń Mọ Èpò Nínú Oko

Nígbà tí àgbàdo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé mẹ́ta, ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ oko a máa fi ọkọ́ gé e dànù pẹ̀lú eéran àti gbági, nítorí gbogbo wọn ni ó jọ koríko. Àgbà àgbẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ó sì mọ̀ pé èpò kan kò rí bí èkejì: eéran tí a bá ro ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn pa, ó kú, ṣùgbọ́n ẹ̀kan tí a gé lónìí, láti inú ìtàkùn rẹ̀ tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ni yóò ti tún yọ. Mímọ èpò kì í ṣe eré. Bí àgbàdo bá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú èpò, ríro tí a bá ro ó lẹ́yìn náà kì í lè dá gbogbo ohun tí ó ti sọnù padà.

Ní àwọn ilẹ̀ tí oko ti tẹ́ lọ bí òkun, tí ọwọ́ ènìyàn kò lè ro ó tán, oògùn apakoríko ni wọ́n ń fín. Bí wọ́n bá fín in sí gbogbo ilẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ a bọ́ sí ibi tí èpò kò sí. Owó a ṣòfò, òjò a sì lè gbá májèlé náà lọ sínú odò. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi wá ẹ̀rọ tí yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀, kí ó tó fín oògùn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ojú fún un.

Isaac Newton ti fi dígí onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọn àwọ̀ òṣùmàrè. Ní ọdún 1800, William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ohun èlò tí a fi ń wọn ooru sí ara àwọn àwọ̀ náà. Nígbà tí ó gbé e kọjá pupa, sí ibi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ooru ibẹ̀ ju ti gbogbo àwọ̀ lọ. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kan ń bẹ lẹ́yìn pupa. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì fi kámẹ́rà fóònù wo orí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, pàápàá kámẹ́rà tí ó kọjú sí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́, yóò rí i tí iná ń ṣẹ́jú níbi tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí òkùnkùn.

Ewé tútù a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, nítorí òun ni ó fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Inú ewé kún fún àwọn àyè kéékèèké tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, àwọn wọ̀nyí sì ń da ìmọ́lẹ̀ náà padà, gẹ́gẹ́ bí ìfófòó ọṣẹ ti ń funfun nígbà tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ilẹ̀ lásán kò ní irú ìyàtọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí a sọ pé ewé kan dá 50 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa padà, ṣùgbọ́n ó dá 5 péré padà nínú ti pupa. Yọ 5 kúrò nínú 50, ó ku 45. Ro wọ́n pọ̀, ó di 55. Fi 55 pín 45, ìdáhùn rẹ̀ sún mọ́ 0.8. Bí ilẹ̀ bá dá 30 àti 25 padà, 5 tí a fi 55 pín ni, kò tilẹ̀ pé 0.1. Ìṣirò yìí kan náà ni a ti ń lò fún àwòrán Landsat, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà rán lọ sí òfurufú ní ọdún 1972. Nínú oko, ẹ̀rọ mìíràn a máa tan iná pupa àti iná ẹ̀yìn pupa tirẹ̀ sí ilẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ṣiṣẹ́ ní òru. Bí ìṣirò bá ga, ẹnu ìfọ́n a ṣí, bí ó bá sì rẹlẹ̀, a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ju ewéko àti erùpẹ̀ lọ. Bí a bá mú un wọ inú àgbàdo, yóò pa àgbàdo pẹ̀lú èpò.

Láti mọ ewé kan yàtọ̀ sí èkejì, a ní láti gé ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ju bí òṣùmàrè ti gé e lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni nánómítà, èyí tí 1,000,000 rẹ̀ ṣe mìlímítà kan. Ojú ènìyàn ń rí láti bí 400 dé 700. Ní tòsí 1,450, omi inú ewé ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí náà ewé tí ó kún fún omi a ṣókùnkùn níbẹ̀ ju ewé gbígbẹ lọ. Ìda tí ó wà lára ewé, irú èyí tí kì í jẹ́ kí omi dúró lórí ewé kókò, irun ara rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń fi àmì tiwọn sí ìmọ́lẹ̀ tí ó padà.

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le jù lọ. Àmì náà kì í dúró lójú kan. Ìrì òwúrọ̀, eruku ọyẹ́, òǹgbẹ, òjìji, àti ilẹ̀ tí ó ti ṣá, gbogbo wọn a máa yí i padà. Àgbàdo tí ebi ń pa a lè jìnnà sí àgbàdo tí ó sanra ju bí ó ti jìnnà sí koríko lọ. Nítorí èyí, àwọn kan gbára lé ìrísí ewé ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Blue River Technology, tí a dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 2011, fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀rọ láti mọ ẹ̀fọ́ lẹ́túùsì, lẹ́yìn náà òwú. Ní ọdún 2017 John Deere rà á ní mílíọ̀nù 305 dọ́là. Àwòrán ewé lóríṣiríṣi ni a fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí a ti ń fi ewé han ọmọ tí ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko.

Ní oko tí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ti jọ ń gbé lórí ebè kan, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ó ní láti mọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta kí ó tó mọ ọ̀tá. Ẹ̀gúsí a sì tún máa bo ilẹ̀ mọ́ èpò lórí, èyí tí kò sí ẹ̀rọ ìfọ́n tí ń ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ a máa fi ewé ẹ̀kan hàn, ṣùgbọ́n kì í wọ ilẹ̀ lọ bá ìtàkùn rẹ̀. Èyíinì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀.