Oòrùn, Oúnjẹ àti Egungun Ọmọdé

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa yìí kì í ṣe ohun tí ó jìnnà sí wa. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ìletò kan lẹ́bàá Adó-Èkìtì, mo rí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kejì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré, òun a jókòó ti ògiri. Bí ó bá sì dìde, wọn a fi ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Èmi náà kò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn, ojú sì tì mí, nítorí olùkọ́ ni wọ́n ń pè mí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Àrùn kan tí ó máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọmọdé báyìí ni à ń pè ní ríkẹ́ẹ̀tì. Egungun ọmọdé a máa rọ̀. Kálísíọ́mù inú oúnjẹ wà lára ohun tí ń mú un le. Ṣùgbọ́n kálísíọ́mù kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa bí kò bá sí fítámínì D. Ẹ jẹ́ kí a fi kálísíọ́mù wé bíríkì, kí a sì fi fítámínì D wé alágbàṣe tí ń rù ú. Bí bíríkì wà tí alágbàṣe kò sí, ilé kò ní dìde. Bí alágbàṣe sì wà tí bíríkì kò sí, òfo ni.

Níbo ni a ti ń rí fítámínì D? Lára oòrùn ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá. Bí ìtànṣán oòrùn bá bà lé awọ ara wa, awọ náà a pèsè rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín a sì tún un ṣe kí ó tó wúlò. Ohun mẹ́ta ni kí a kíyè sí. Èkínní, awọ dúdú a máa dí apá kan ìtànṣán náà, nítorí náà ó ń fẹ́ àkókò púpọ̀ ju awọ funfun lọ. Èkejì, ìtànṣán yìí kì í la gíláàsì fèrèsé kọjá. Ẹ̀kẹta, kì í pọ̀ nínú oòrùn ìdájí tí a máa ń gbóríyìn fún. Ìgbà tí òjìji wa bá kúrú jù wá lọ ni ó pọ̀. Èyí kò ní kí a máa sá ọmọ sí oòrùn ọ̀sán títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Ìwọ̀nba eré ní ìta ti tó.

Àwọn òyìnbó jìyà àrùn yìí púpọ̀. Ní ọdún 1650, Francis Glisson, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀. Nígbà tí èéfín ilé iṣẹ́ wá bo ojú ọ̀run ní àwọn ìlú ńlá wọn, ó gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tálákà. Ní ọdún 1919, Kurt Huldschinsky ní ìlú Berlin fi àtùpà tí ìtànṣán rẹ̀ jọ ti oòrùn wo àwọn ọmọdé sàn. Ní ọdún 1922, Elmer McCollum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun kan wà nínú òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù tí ń wo ríkẹ́ẹ̀tì, tí kì í sì í ṣe fítámínì A. Òun ni a wá ń pè ní fítámínì D.

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí oòrùn bá jẹ́ oògùn rẹ̀, kí ló dé tí àrùn yìí fi wà ní ilẹ̀ wa, níbi tí oòrùn ti ń ràn lójoojúmọ́? Ìbéèrè rere ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ti Jos wá. Ní ọdún 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 123 tí ríkẹ́ẹ̀tì ń bá jà. Kálísíọ́mù tí àwọn ọmọ náà ń rí nínú oúnjẹ kò ju bíi mílígíráàmù 200 lọ lójúmọ́. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámínì D nìkan, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ́mù nìkan, wọ́n sì fún àwọn ìyókù ní méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tí egungun wọn sàn dé ìwọ̀n tí a ń fẹ́ jẹ́ 19 nínú 100 láàárín àwọn tí ó gba fítámínì D nìkan, 61 láàárín àwọn tí ó gba kálísíọ́mù nìkan, àti 58 láàárín àwọn tí ó gba méjèèjì. Alágbàṣe wà níbẹ̀. Bíríkì ni ó wọ́n.

Ti àwọn ará wa tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti mú awọ ṣiṣẹ́ yìí. Nítorí náà ni ìjọba ibẹ̀ ṣe ń gba àgbà níyànjú láti ronú lílo fítámínì D máíkírógíráàmù 10, èyí tí í ṣe yúnìtì 400, lójúmọ́ ní àkókò náà; aláwọ̀ dúdú sì lè máa lò ó yípo ọdún. Bákan náà ni ó yẹ kí a ronú nípa ọmọ ọwọ́ tí kì í jáde, àti ẹni tí aṣọ bo gbogbo ara rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní ti oúnjẹ, iyán wa dára, ẹ̀kọ wa sì dára, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù inú wọn kéré. Wàrà ní in púpọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká wàrà lè ra ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ ní ọjà Ọba, kí ó lọ̀ ọ́ teegunteegun, kí ó sì dà á sínú ẹ̀fọ́ tàbí ògì ọmọ. Ìwádìí Thacher mìíràn fi hàn pé irú ẹja lílọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wo ríkẹ́ẹ̀tì. Fítámínì D ní tirẹ̀ wà nínú ẹja ọlọ́ràá bíi sàdíìnì àti Titus, àti nínú pupa ẹyin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa sọ fún ọmọ mọ́ pé bí ó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò dà.

Ní ti oògùn oníhóró, ìwọ̀n ni ohun gbogbo. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa lo ju yúnìtì 4000 lọ lójúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa kó kálísíọ́mù jọ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ti oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti tó, awọ ara a dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ ni ríkẹ́ẹ̀tì. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì sábà máa ń tẹ̀ díẹ̀, a sì tún nà fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tiwa ni kí a rí i, kí a má sì dákẹ́. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni egungun: nígbà tí ọmọ ṣì ń dàgbà ni ó rọrùn láti tún ṣe.

Mo ti padà lọ sí ilé ọmọ náà. Mo jókòó ti ìyá rẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo kọ yìí fún un, láìbá a jiyàn lórí ọwọ́ ayé. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì béèrè ọjọ́ tí ilé ìwòsàn máa ń gba ọmọdé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dé kíláàsì wa lọ́la, kí a wo ojú ọmọ, kí a wo ìwé rẹ̀, kí a sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.