Kí Ibùsùn Àìsàn Má Baà Di Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin Moshie Zongo ní Kùmásí, tí ẹ ń gbé ìyá yín láti orí ẹní lọ sí balùwẹ̀, tí ẹ ń fọ aṣọ tó tọ̀ sí, tí ẹ sì tún ń din àkàrà tà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ewu ti dé bá yín. Kì í ṣe ewu ọjọ́ ogbó. Ó ti wọlé. Ọjọ́ tí yóò kọlù yín ló kù.

Ẹ máa ń sọ pé, "Kí ara Màmá kọ́kọ́ yá ná." Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń dúró de ẹnikẹ́ni? Rọpárọsẹ̀ tó dá ìyá wólẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ. Ìdílé kan náà ni yín. Iyọ̀ inú ìkòkò kan náà lẹ jọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n ìyá ń sùn, ẹ̀yin kò sùn. Ìyá ń lo oògùn, ẹ̀yin kò tilẹ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Kì í sábà dunni. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa mọ̀, ẹnu ti wọ́, apá kan ti rọ.

Ẹ má sọ pé mo ń dẹ́rù bà yín. Ní 1995, olùwádìí Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio dá ọgbẹ́ kékeré sí ara àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ẹbí tí iyè rẹ̀ ti ra. Ọgbẹ́ wọn fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ kó tó jinná. Ní 1999, Schulz àti Beach gbé ìwádìí tiwọn jáde lórí àwọn arúgbó Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ọkọ tàbí aya. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ewu ikú àwọn tí ìtọ́jú náà ń ni lára fi ìdá 63 nínú 100 ga ju ti àwọn tí kò ní aláìsàn lọ́rùn. Àwọn yẹn kò pọnmi. Wọn kò dáná igi. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ wo ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ẹ gbé aláìsàn, ẹ̀yìn dùn, ẹ lọ ra diclofenac lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Lọ́la, òmíràn. Lọ́tùn-únla, òmíràn. Oògùn yẹn a máa ti ìfúnpá lọ sókè, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́ bó bá di ojoojúmọ́. Ẹ̀yìn kò san, kíndìnrín tún lọ sí i.

Ẹ wo káàdì ìbánigbófò ìlera, NHIS. Ẹni tó bá ti pé 70 ọdún kì í san owó ọdọọdún tí ẹ̀yin ń san. Káàdì Màmá yè. Tiyín ti kú láti èṣí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sáré gbé yín dé ilé ìwòsàn Komfo Anokye, owó àkàrà ni wọn yóò fi ra oògùn yín. Tí owó àkàrà bá tán, kí ni wọn yóò tà?

Bí ẹ bá ṣubú, ta ni yóò máa yí Màmá padà ní wákàtí méjì-méjì? Bí wọn kò bá yí i, ara rẹ̀ yóò bó. Bó bá bó, yóò kẹ̀. Ọmọ yín obìnrin yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀ wá jókòó tì yín. Aláìsàn yóò di méjì, olùtọ́jú yóò di ọmọdé.

Ẹ má retí agbo ilé àtijọ́. Nígbà tí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá kó ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀ffà. Nínú àwọn ọmọ ìdílé tó ṣẹ́kù, àwọn kan tún ti lọ sí Àkrá, àwọn kan sọdá sí òkè òkun. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Owó dára, ṣùgbọ́n owó kì í dìde lóru yí aláìsàn padà.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ẹ ó kírun Màgàríbì tán, ẹ ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó béèrè pé "Ara Màmá ńkọ́?", ẹ ó sì bá tiyín lọ. Ìbéèrè kì í gbé aláìsàn.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá ń wọn ìfúnpá Màmá, ẹ na apá tiyín náà. Bó bá tó 140 lórí 90, ẹ má lọ sílé láìrí dókítà. Ẹ tẹ *929# lórí fóònù, kí ẹ sọ káàdì yín dọ̀tun. Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nídìí àkàrà. Ẹ dín iyọ̀ kù. Bí ẹ bá kírun Àlàásárì tán, ẹ má tíì dìde. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá fẹ́ gbé aláìsàn, ẹ pe ẹnìkejì, ẹ ká orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ àsàláátù tó ń kó ọṣẹ àti ṣúgà wá kí yín, ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ lẹ fẹ́. Ẹ má kàn sọ pé "ẹ ràn mí lọ́wọ́." Ẹ pín in: "Ìwọ, òru Àlàmísì, tìẹ ni."

Àwọn kan yóò ní ìmọtara-ẹni nìkan nìyẹn. Wèrè ọ̀rọ̀! Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ìyá rẹ̀ dé òpin gbọ́dọ̀ wà láàyè. Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín lọ́la. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́la.